Ìbọ̀wọ́ Tí Mo Tà Lọ́jà Kérésìmesì

Ìyàwó mi, Velta, kú lẹ́yìn Kérésìmesì tó kọjá. Kì í ṣe ikú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ohun tí mo ṣe kó tó kú ni.

Vilnis ni orúkọ mi. Abúlé kan lẹ́bàá Kuldiga ni à ń gbé. Iṣẹ́ igi ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. A ò bímọ. Bí ìgbà òtútù bá ti dé, èmi àti Velta máa ń pàtẹ lọ́jà Kérésìmesì. Òun á hun ìbọ̀wọ́ onírun àgùntàn. Èmi á fi koríko ọkà gbígbẹ ṣe puzuris, ohun ọ̀ṣọ́ tí à ń so kọ́ àjà, tó máa ń yí fúnra rẹ̀ bí atẹ́gùn bá kàn án. Puzuris ò fi bẹ́ẹ̀ tà. Ìbọ̀wọ́ Velta ni wọ́n ń wá sọ́dọ̀ wa rà, gbogbo ọjà ló mọ̀.

Lọ́dún náà dókítà sọ fún wa pé kò sí oògùn mọ́ fún àìsàn Velta. Velta gbọ́. Èmi ò gbọ́. Bàtà dókítà ni mò ń wò.

Láti ìgbà ooru ni Velta ti ń hun ìbọ̀wọ́ lórí ibùsùn. Kì í ṣe aláwọ̀ pupa tó máa ń hun fún ọjà. Dúdú ni, àti àwọ̀ eérú, pẹ̀lú ìràwọ̀ funfun tín-ín-tín lẹ́yìn ọwọ́.

Lọ́dọ̀ wa, ẹbí kì í gbé pósí òkú wọn. Àwọn aládùúgbò ló ń gbẹ́ sàárè, àwọn náà ló ń gbé pósí. Wọn kì í gbowó. Ìbọ̀wọ́ la fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. A ó tò ó sórí pósí, kálukú á mú tirẹ̀, á wọ̀ ọ́, wọ́n á wá gbé e. Obìnrin tó bá mọ̀ ọ́n hun kì í fi ti ìsìnkú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Velta ò sọ fún mi pé ti ìsìnkú òun ló ń hun. Kò sídìí tó fi yẹ kó sọ. Mo rí i bó ṣe ń pe àwọn ọkùnrin mẹ́fà tó máa gbé pósí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Á ní kí wọ́n wá bá òun la igi ìdáná. Bí wọ́n bá là á tán, á ní kí wọ́n wá mu tíì. Bí wọ́n bá ń mu tíì, á ní kí wọ́n na ọwọ́, á sì fi fọ́nrán òwú wọ̀n ọ́n.

Modris tó ń wa katakata na tirẹ̀ sí i. Ó ní, “Velta, ṣé o fẹ́ fẹ́ mi ni? Vilnis ṣì wà lórí ìjókòó o.”

“Ta ló máa fẹ́ ọ? Ọwọ́ rẹ rí bíi ṣọ́bìrì. Òwú gbogbo abúlé yìí á tán sórí rẹ.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Modris ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó wo fọ́nrán òwú náà, ó wò mí, ó gbé ife rẹ̀ sẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ife náà ti ṣófo.

Imants ló wá kẹ́yìn. Òun ló dàgbà jù nínú wọn. Ẹ̀rọ ìlagi ti gé àtàǹpàkò òsì rẹ̀ dé ìdajì nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Velta wọn ìyẹn náà. Ó pẹ́ lórí rẹ̀.

Bó bá ti parí ti ẹnì kan, á kó o sínú àpótí tó gbé wá sílé ọkọ.

“Má fọwọ́ kan àpótí yìí, Vilnis. Kì í ṣe ti ọjà.”

Mo ní mo ti gbọ́.

Nígbà tí ọjà Kérésìmesì ṣí, èmi nìkan ni mo lọ. Biruta, tó máa ń ta bisikíìtì aláta àti wáìnì gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, yọjú wo àtẹ mi.

“Koríko nìkan lo kó wá? Ṣé ẹṣin lo fẹ́ tà á fún?”

Mo sọ fún un pé ara Velta ò yá. Ó ní òun ti gbọ́. Ó bu wáìnì gbígbóná sínú ife, ó gbé e sọ́wọ́ mi, kò jẹ́ kí n sanwó.

Àwọn ènìyàn ń dé, wọ́n ń béèrè ìbọ̀wọ́. Wọ́n ń béèrè màmá. Mò ń sọ pé ó wà nílé. Wọ́n á fọwọ́ kan puzuris, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á lọ. Yìnyín ń bọ́ sórí àtẹ, èmi náà ń gbá a kúrò.

Nígbà náà ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Sanita dé láti Riga, olú ìlú wa. Kóòtù rẹ̀ gùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rin ọjà káàkiri, kó máa ya àwòrán aṣọ òtútù àti ẹ̀bùn tó bá rí, kó sì máa fi han àwọn ènìyàn lórí fóònù. Ó ní wọ́n pọ̀ tó ń tẹ̀ lé òun. Ó ní ìbọ̀wọ́ pupa ti sú wọn.

“Bàbá, ẹ ò ní dúdú? Dúdú àti eérú ni gbogbo ayé ń wọ̀ lọ́dún yìí.”

Ó yẹ kí n sọ pé rárá.

“Ó wà nílé,” ni mo wí.

Mo gbọ́ ohùn ara mi bí ẹni pé Biruta ló sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe tìtorí owó. Ìbá sàn bó bá jẹ́ tìtorí owó, ẹ̀yin náà ì bá kà mí sí olè, kó parí síbẹ̀. Ohun tí mo rò lójú ọ̀nà ilé nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ ìrònú ọmọdé: bí kò bá sí ìbọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni ò ní lè gbé pósí. Bí ẹnikẹ́ni ò bá lè gbé e, kò ní sí pósí. Mo fẹ́ kí àpótí yẹn ṣófo. Mo fẹ́ kí nǹkan inú rẹ̀ di ẹ̀bùn Kérésìmesì, kí ọmọ ilé kan tú u lábẹ́ igi Kérésìmesì wọn, kí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín wọ̀ ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Velta ń sùn. Mo ṣí àpótí. Mo ní ti ẹnì kan péré ni mo máa mú.

Sanita wọ̀ ọ́, ó di ife wáìnì mú, ó na ọwọ́ sínú yìnyín tó ń bọ́, ó ya àwòrán. Ìbọ̀wọ́ náà tóbi jù ú lọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe dára.

“Ta ló hun ún, bàbá?”

“Ìyàwó mi ni.”

“Fún Kérésìmesì?”

“Fún Kérésìmesì.”

Irọ́ náà ò ní ìwúwo kankan. Ó jáde bí èémí.

Kí oòrùn tó yí, wọ́n ti ń wá mi kiri ọjà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Obìnrin kan fẹ́ ẹ fún bàbá rẹ̀ tó ń pẹja lórí yìnyín. Òmíràn fẹ́ ẹ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Mo ní kí wọ́n padà wá. Mo sì padà sí ìdí àpótí. Mo ń fi bébà wé e fún wọn, mo ń fi ewé igi páìnì há a lórí, bí Velta ṣe máa ń ṣe. Inú mi dùn. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn náà. Láti ọjọ́ dókítà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ti Imants ló kù gbẹ̀yìn. Ọ̀dọ́kùnrin kan wọ̀ ọ́, ó yí ọwọ́ òsì síwá sẹ́yìn.

“Bàbá, àtàǹpàkò ibí yìí kúrú.”

Biruta gbójú sókè níbi bisikíìtì rẹ̀. Ó mọ Imants. Gbogbo wa la mọ Imants.

“Àṣà àtijọ́ ni,” ni mo wí. “Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń hun ún láyé ọjọ́un.”

Ó pe ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ kó wá wò ó. Ó ní kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn. Wọ́n rà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ.  Biruta ò bu wáìnì fún mi mọ́.

Nígbà tí mo délé, Velta béèrè bí ọjà ṣe rí. Mo ní puzuris tà dáadáa.

“Puzuris?” Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. “Ayé mà ti yí padà o.”

Lẹ́yìn ìyẹn ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àpótí. Ó fẹ́ fi àmì sí ti kálukú kí wọ́n má baà mú ti ara wọn. Mo ní mo ti gbé e lọ sókè àjà nítorí eku.

“A ò ní eku.”

“Òtútù ti ń lé wọn wọlé.”

Ó wò mí. Ó ní ó dára, bí mo bá ráyè kí n gbé e sọ̀kalẹ̀. Mi ò ráyè. Lójoojúmọ́ ni mi ò ráyè. Mò ń la igi tí a ò nílò. Ó ń gbọ́ ìró àáké láti orí ibùsùn, kò sì tún béèrè.

Ní ìkẹta nínú ọjọ́ Àìkú mẹ́rin tó ṣáájú Kérésìmesì, tí à ń tan àbẹ́là kọ̀ọ̀kan fún, mò ń tan àbẹ́là kẹta lórí tábìlì nígbà tí Austra, ẹ̀gbọ́n Velta, wọlé. Kò bọ́ kóòtù. Kò gbọn yìnyín kúrò lẹ́sẹ̀. Ó gbé fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là. Àwòrán Sanita ni. Ọwọ́ mi wà ní igun rẹ̀, ó ń di ẹ̀bùn.

“Ìbọ̀wọ́ ta nìyí?”

Mo ní ti ọjà ni.

“Mo wà nínú ilé yìí nígbà tó ń wọn ọwọ́ Modris, Vilnis. Èmi ni mo di òwú mú. Mo ní ìbọ̀wọ́ ta nìyí?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra sọ̀rọ̀.”

“Mi ò ní rọra.”

Velta pè wá láti yàrá. Ó ní kí a gbé e wá kí òun rí i.

Austra gbé fóònù náà fún un. Velta mú un sún mọ́ ojú. Ó pẹ́ tó ń wò ó. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, páálí ìṣáná ṣì wà lọ́wọ́ mi.

“Gbogbo rẹ̀ ni?”

“Gbogbo rẹ̀.”

“Ti Imants náà?”

“Ti Imants náà.”

“Kí lo sọ nípa àtàǹpàkò yẹn?”

“Mo ní àṣà àtijọ́ ni.”

Ẹnu rẹ̀ mì díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Austra ti ń sunkún. Velta ò sunkún. Ó bi mí kí ni àwọn tó rà á sọ. Mo sọ fún un. Apẹja orí yìnyín, àfẹ́sọ́nà, gbogbo wọn. Ó gbọ́ ọ tán.

“Ṣé o rò pé bí o bá tà á, mi ò ní kú?”

Mi ò tíì sọ èrò yẹn fún ẹnikẹ́ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní kí n jókòó. Mo jókòó.

“Láti ìgbà ooru ni mo ti ń palẹ̀ mọ́,” ó wí. “Èmi nìkan ni mo ń palẹ̀ mọ́ ọ̀hún. Mo rò pé wàá wá bá mi di òwú mú. O kò wá. Austra ló wá.”

Bí ẹ bá ní aláìsàn nílé, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tó sì ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ẹ lọ bá a dì í mú. Mi ò mọ ọgbọ́n mìíràn tí mo lè kọ́ yín.

Austra nu ojú rẹ̀. Ó ní òun á hun òmíràn kí ọjọ́ tó pé. Velta ní rárá. Bí Austra bá hun ún, ẹ̀bùn Austra nìyẹn, òun ò sì ní fi ẹ̀bùn ẹlòmíràn dúpẹ́.

Ó yíjú sí mi.

“Ìwọ lo máa sọ fún wọn. Lọ bá kálukú nílé rẹ̀. Sọ fún wọn pé mo hun ún, pé ìwọ lo tà á. Kí wọ́n mú tiwọn wá lọ́jọ́ náà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n na ọwọ́ kí wọ́n má bá nǹkan kan níbẹ̀.”

Mo ní màá lọ.

Mo kọ́kọ́ lọ sọ́jà. Mo rò pé mo lè rí díẹ̀ gbà padà. Sanita ò sí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó ra nǹkan lọ́wọ́ mi ò sí níbẹ̀. Biruta sọ láìwojú mi pé ẹ̀bùn Kérésìmesì kì í padà sí àtẹ.

Mo wá lọ sọ́dọ̀ Modris. Ó wà lábẹ́ katakata, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí. Ó béèrè láti abẹ́ ibẹ̀ pé báwo ni Velta. Mo ní ó wà bẹ́ẹ̀. Mo béèrè bóyá wọ́n máa gbá yìnyín ojú ọ̀nà ní ọ̀la. Ó ní wọ́n máa gbá a. Mo lọ sílé.

Mo dé ọ̀dọ̀ Imants náà. Ó di ẹja gbígbẹ fún mi, ó ní kí n fún Velta ní omi rẹ̀ mu bí kò bá lè jẹ ẹran rẹ̀. Mo dúpẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí ó fi béèrè bóyá nǹkan kan kù. Mo ní kò sí.

Mi ò dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù.

Velta gbìyànjú láti tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n bá òun mú òwú dúdú wá. Lọ́tẹ̀ yìí mo jókòó, mo dì í mú. Ó hun etí ọwọ́ ẹyọ kan, ó fẹ̀ tó ìka méjì. Abẹ́rẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń mú un nílẹ̀, mo ń fi í lé e lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó ní kí n má mú un mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, mo se ẹ̀wà aláwọ̀ eérú, oúnjẹ Kérésìmesì wa, pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀wà tí ènìyàn bá ṣẹ́ kù lálẹ́ yẹn ni omijé rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Velta jẹ ṣíbí kan. Mo jẹ tèmi, mo jẹ tirẹ̀, mo fi búrẹ́dì nu abọ́. Kò dùn, kò sì korò.

“Ṣé o ti sọ fún wọn?” ó bi mí.

“Mo ti sọ fún wọn.”

“Gbogbo wọn?”

“Gbogbo wọn.”

“Kí ni Imants sọ?”

“Ó rẹ́rìn-ín.”

“Ó máa ń rẹ́rìn-ín,” ó wí. Ó pa ojú dé. Ojú rẹ̀ balẹ̀ bí mi ò ṣe rí i rí láti ìgbà ooru.

Kò tún béèrè. Ọdún ò tíì yí nígbà tó lọ. Òwúrọ̀ ni, mo ń dáná. Mo dáná náà tán kí n tó lọ sọ fún Austra. Mi ò mọ ìdí tí mo fi dá a tán.

Àwọn ọkùnrin náà gbẹ́ sàárè fúnra wọn. Wọ́n kọ́kọ́ dáná sórí ilẹ̀ kí yìnyín inú rẹ̀ lè yọ́. Mo lọ fún wọn ní tíì, mo gbé e kalẹ̀, mo padà. Àyè wà láti sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn pàápàá.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n dúró ní ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Kóòtù dúdú, fìlà lábẹ́ apá. Ọwọ́ wọn ṣófo. Òtútù ọjọ́ náà ń bu ènìyàn jẹ, gbogbo abúlé ló wọ ìbọ̀wọ́, àwọn ọkùnrin mẹ́fà yẹn nìkan ni ò wọ̀. Wọ́n ti fi tiwọn sílé. Ẹni tí wọ́n pè síbi àsè kì í gbé oúnjẹ dání.

Pásítọ̀ parí àdúrà. Gbogbo ènìyàn wo orí pósí. Ewé igi páìnì nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n dúró. Modris fẹ́ èémí sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó tún dúró.

Austra ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó yíjú sí mi.

“O ò sọ fún wọn,” ó wí. Kò pariwo.

Mo bọ́ síwájú.

“Ó hun ún,” ni mo wí. “Ti kálukú yín. Ó parí rẹ̀. Èmi ni mo tà á lọ́jà Kérésìmesì. Ó ní kí n sọ fún yín, mi ò sọ. Mo sọ fún un pé mo ti sọ.”

 Èéfín ń jáde lẹ́nu gbogbo wa. Ọ̀kan nínú wọn wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ tèmi, èyí tí Velta hun fún mi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo nà án sí Imants.

“Ẹ gbà.”

Imants wò ó. Kò na ọwọ́.

“Wọ̀ ọ́ padà, Vilnis,” ó wí. “Ìwọ ló hun ìyẹn fún.”

Lẹ́yìn náà ó dé fìlà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó di ọwọ́ irin pósí mú. Àwọn yòókù náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ bí Modris ṣe fa èémí láàárín eyín. Wọ́n gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀nà náà gùn láti ẹnu géètì dé ìdí igi tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí. Ẹbí ní láti tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, kò gbọ́dọ̀ ran wọ́n lọ́wọ́. Mo tẹ̀ lé wọn. Mo ń wo ìka wọn, ó pupa, ó ń di funfun. Wọn ò gbé e kalẹ̀ lójú ọ̀nà, wọn ò pààrọ̀ ọwọ́.

Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ létí sàárè, Modris ò lè la ọwọ́. Ó ní láti fi ọwọ́ kejì tú ìka rẹ̀ kúrò lára irin náà, lọ́kọ̀ọ̀kan.